Ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀: etí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

"Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀." "Ọkùnrin ni, ẹ fara balẹ̀." Ohun tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ nìyí bí ọmọ bá ń sún mọ́ ọdún méjì tí kò tíì pe "màmá". Wọn ò parọ́ tán. Ọmọkùnrin a máa rẹ̀yìn díẹ̀ sí obìnrin nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Àmọ́ díẹ̀ náà ní ibi tó ń mọ. Bí ọmọ bá pé oṣù 16 tí kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu, tàbí tó pé ọdún 2 tí kò lè so méjì pọ̀, irú bí "omi tán" tàbí "gbé mi", ẹ gbé e wá sílé ìwòsàn.

Etí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ òbí á ní àwọn pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì yíjú. Ìyẹn ò tó. Ọmọ lè gbọ́ ariwo ńlá kí àwọn ìró tín-ín-rín bíi "s" àti "f" má dé etí rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi orí rẹ̀ sí etí ọmọ: á rán ìró wọlé, á sì gba èyí tí etí inú fúnra rẹ̀ dá padà. Ọmọ jòjòló pàápàá, a lè ṣe é fún un lójú oorun, kò sì ní í dùn ún. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Ọmọ tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n gan-an bí ìyeyè lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí i, àyẹ̀wò yìí di dandan fún un. Ohun tó ń sọ ara di àwọ̀ yẹn lè ba ọpọlọ àti iṣan ìgbọ́ràn jẹ́ bó bá pọ̀ jù. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò gbà á, òun náà a sì máa fa ara pípọ́n.)

Ti rírìn ò le tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006 lórí àwọn ọmọ Gánà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà, àárín bí oṣù 8 sí oṣù 17 àti ààbọ̀ ni ọmọ ń dá rìn. Àwọn kan ò tiẹ̀ rá rárá. Bó bá pé oṣù 18 tí kò rìn, tàbí tó lé ní oṣù 9 tí kò lè dá jókòó, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ èéyi ti oṣù 9 àti ti oṣù 15 bọ́ sásìkò gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́, tàbí tó ti ń jókòó tí kò lè jókòó mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ abẹ́rẹ́ kankan.

Ẹ má sì dúró dìgbà tí dókítà bá dárúkọ àìsàn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ilé yín ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wáyé: físíò, ìyẹn elétò ìlera tó ń kọ́ ara bí yóò ṣe máa lo iṣan àti oríkèé, á fi bí ẹ ó ṣe máa gbé ọmọ àti bí ẹ ó ṣe máa bá a ṣeré hàn yín, ẹ̀yin ló kù tí ẹ ó máa ṣe é lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ámẹ́ríkà, bí ọmọ ò bá tíì pé ọdún 3, ẹ lè fúnra yín pe ọ́fíìsì Early Intervention (ètò ìjọba fún àwọn ọmọ kékeré tí ìdàgbàsókè wọn ń falẹ̀) ti ìpínlẹ̀ yín láìgba lẹ́tà dókítà, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú Yorùbá nítorí pé òun ló ń dí ọmọ lọ́wọ́, ẹ má gbà. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kà wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kan, kẹ́ ẹ sì mú un dání lọ síbi àyẹ̀wò.