“Minor”, “teenager”, “youth”: èwo gan-an lọmọdé nínú wọn?

Ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n kó èèyàn 76 wá sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ábùjá nítorí ìwọ́de #EndBadGovernance tó wáyé lóṣù kẹjọ ọdún náà. Mẹ́rin ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ìròyìn kan ní “minors” wà nínú wọn, òmíràn ní “teenagers”, òmíràn ní “youths”. Àtìgbà náà ni ìbéèrè ò ti tán.

Ṣé ohun kan náà ni gbogbo wọn?

Rárá o.

Ta ni “minor”?

Ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ọ̀rọ̀ lọ́yà ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 náà fẹnu lé 18 yìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti fi èyí da ara wọn láàmú rí. “Infant” lòfin wọn ń pe ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé 21, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú èdè Látìn ni ẹni tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Géńdé ọmọ ogún ọdún, tòun ti irùngbọ̀n, tó ń ná ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò, ọmọ jòjòló ni lójú adájọ́! Ọdún 1969 ni wọ́n sọ ọ́ di 18, tí òfin yẹn kan náà sì gbà kí wọ́n máa lo “minor” dípò “infant”.

“Teenager” ńkọ́?

Etí ni kẹ́ ẹ fi gbọ́ ọ: thirteen, fourteen, títí dé nineteen. Níbi tí “teen” bá parí sí ló parí sí. Ọmọ ọdún 18 àti 19 ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe “minor” mọ́.

“Adolescent”?

Ọ̀rọ̀ dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 10 sí 19.

“Youth” wá ńkọ́?

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 15 sí 24. Ìwé àdéhùn àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ti 2006 ní 15 sí 35. Ètò ìjọba Nàìjíríà fún àwọn ọ̀dọ́ ní 18 sí 35 lọ́dún 2009. Nígbà tó di 2019, wọ́n ní 15 sí 29. Ẹni ọdún 32 sùn lọ́dọ̀ọ́, ó jí lágbà. Ẹ má tíì bi mí ní ọjọ́ orí àwọn olórí ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ọmọ ọdún 16 ni gbogbo orúkọ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà oníròyìn tó mú èyíkéyìí kò parọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kọ “minors”, ojú ìyá wọn ni òǹkàwé máa rí. Bó bá kọ “youths”, táyà tó ń jó lójú títì ló máa rí.

Kí la fẹ́ máa pè é ní Yorùbá?

Àwa kì í ka ọdún, ìṣe là ń wò: ọmọ ọwọ́, ọmọ ìrìnsẹ̀, ọ̀dọ́langba, géńdé. Ẹ má fi “màjèsín” túmọ̀ “minor” lórí rédíò, ó ń dún bí èébú. “Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18” gùn, àmọ́ kò bú ẹnikẹ́ni.

Tí ọlọ́pàá bá mú ọmọ mi ńkọ́?

Ọjọ́ orí ọmọ náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìbí ni kẹ́ ẹ fún wọn, kí ojúlówó wà nílé. Lábẹ́ òfin 2003, kóòtù ẹbí ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé. Ti Ábùjá yẹn, Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, kóòtù sì fagi lé ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá. Àwọn kan ti lo bí oṣù mẹ́ta látìmọ́lé nígbà yẹn.

Tí mi ò bá ní ìwé ìbí?

Àjọ Ètò Ìkànìyàn ló ń ṣe é. Ẹ lọ gbà á kó tó di pé wọ́n béèrè. Bí kò bá sí, wọ́n lè fi gíga ọmọ díwọ̀n ọdún rẹ̀, èyí tó bá sì tètè ga ti di “youth” nìyẹn.