Ibi tí "wẹ́tíẹ̀" ti wá gan-an

Ilé kan wà ládùúgbò màmá àgbà mi tí kò ní òrùlé títí mo fi dàgbà, ògiri amọ̀ nìkan ló kù, ó dúdú látìsàlẹ̀ dókè bí ìdí ìkòkò, koríko ti hù nínú pálọ̀ ẹ̀. Tá a bá bi màmá, ohun tí wọ́n máa sọ ò ju "ilé Dẹ́mọ́ nìyẹn, wọ́n wẹ́tì ẹ̀ ni", wọ́n á sì ní ká lọ pọnmi wá.

Ọ̀rọ̀ "wet" tàwọn Òyìnbó ló wà nídìí ẹ̀, àwa la fi "ẹ̀" tiwa tì í lẹ́yìn: rin ín, fi pẹtiróòlù rin ín. Ẹnì kan á gbé kẹ́ẹ̀gì, á dà á sára ilé tàbí mọ́tò tàbí èèyàn ẹlẹ́ran ara, ẹlòmíì á ṣáná sí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé báyìí, tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ wẹ́tíẹ̀, ìyẹn rògbòdìyàn ìbò 1965 nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á ní tọ́ọ̀gì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Rárá o. Kí kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù tó jáde, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ni wọ́n ti tì mọ́ àwọn èèyàn lójú.

Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ní 1951 ni wọ́n fi lọ́lẹ̀ ní Ọ̀wọ̀. Ní 1959 Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírẹ́míà ìwọ̀ oòrùn sílẹ̀, ó lọ ṣe olórí alátakò l'Ékòó, Ládòkè Akíntọ́lá sì gba ipò yẹn n'Íbàdàn, ló bá di pé ẹnì kan ni lídà ẹgbẹ́, ẹlòmíì ló di ìjọba mú. Akíntọ́lá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá NPC, ẹgbẹ́ òṣèlú ilẹ̀ Hausa, ṣe kí Yorùbá lè rí tiẹ̀ jẹ níbi ìjọba àpapọ̀, Awólọ́wọ̀ ò gbà. Ìpàdé ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe ní Jos ní February 1962 ló tú u síta. Nígbà tó di May, ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣòfin fọwọ́ sí ìwé, Gómìnà, ìyẹn Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ Akíntọ́lá, wọ́n fi Dauda Adégbẹ́nrò rọ́pò ẹ̀.

Ní 25 May, Ilé Aṣòfin jókòó n'Íbàdàn. Kí wọ́n tó sọ nǹkan gidi kan, aṣòfin kan fò sórí tábìlì, ó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè, ẹlòmíì ju àga, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ láti fi la orí ara wọn, ọlọ́pàá da tíágáàsì sínú ilé. Ọjọ́ kẹrin ni Balewa, olórí ìjọba àpapọ̀, kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n ní kí Dókítà Majẹ́kódùnmí wá máa ṣàkóso. Nígbà tó di January 1963, Akíntọ́lá ni wọ́n dá padà sípò, láìdìbò kankan. Wọ́n ti mú Awólọ́wọ̀ nígbà yẹn, September 1963 ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí dáadáa torí òun ló ká mi lára jù. Adégbẹ́nrò ò gbé àdá o, kọ́ọ̀tù ló lọ, ó lọ títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ọ̀tù tó ga jù nígbà yẹn, wọ́n sì dá a láre ní May 1963. Kí làwọn tó wà n'Íbàdàn ṣe? Wọ́n tún òfin ṣe, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ẹ̀yìn wá, ìdájọ́ yẹn di òtúbáńtẹ́. Ṣebí ẹni tó bá rí irú ìyẹn máa bi ara ẹ̀ léèrè pé kọ́ọ̀tù wo ló tún kù.

Ní 1964 Akíntọ́lá dá NNDP sílẹ̀, òun ni Dẹ́mọ́ tí màmá ń wí. Nílé-lóko, ọwọ́ Dẹ́mọ́ ni akóda wà, ọwọ́ wọn ni kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ wà, ọwọ́ wọn ni owó orí wà, ẹni tí kò bá bá wọn ṣe, wọ́n á bu owó orí tí apá ẹ̀ ò ká fún un, tí kò bá rí i san, iwájú adájọ́ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn náà ni wọ́n máa gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé aládùúgbò lèèyàn kọ́kọ́ ń bínú sí, kì í ṣe Akíntọ́lá tó jìnnà.

Ìbò 11 October 1965 ló kù tí wọ́n gbójú lé. Ẹjọ́ táwọn èèyàn ń rò ni pé ẹni tó wọlé níbi tí wọ́n ti kàwé ìbò, orúkọ ẹlòmíì ni rédíò ń pè. Wọ́n kéde pé Dẹ́mọ́ ló borí, Adégbẹ́nrò lóun ló wọlé, wọ́n tì í mọ́lé. Kò pẹ́ sí i, wọ́n já owó kòkó wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Àgbẹ̀ tí wọ́n ti gba ìbò lọ́wọ́ ẹ̀ tún wá gbé kòkó dé orí ìwọ̀n, iye tí wọ́n pè fún un ò tó owó ìwé ọmọ.

Ìgboro bá gbiná, ní Mushin, ní Ìbàdàn, n'Íjẹ̀bú, l'Ékìtì. Màmá ní tí mọ́tò bá dé ibi táwọn ọmọ ti di ọ̀nà, gbogbo èrò ọkọ̀ ni yóò na ìka méjì sókè bíi ti Awo, ọmọ ọwọ́ pàápàá, ìyá ẹ̀ á bá a na tiẹ̀. Àwọn tọ́ọ̀gì Dẹ́mọ́ náà ń pa, wọ́n ń sun. Àwọn kan sì fi ìjà ilẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ gbẹ̀san lábẹ́ ẹ̀. Èèyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jóná, mi ò lè pe ìyẹn ní akọni láéláé.

Àga tí wọ́n jù nílé aṣòfin ní 1962, ọjọ́ mẹ́rin péré ni pàjáwìrì fi dé. Lọ́tẹ̀ yìí oṣù mẹ́ta ni ilé fi ń jó, Balewa ò kéde nǹkan kan. Àní January 1966, àwọn olórí ìjọba Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì pé jọ l'Ékòó, ọ̀rọ̀ Rhodesia, tó di Zimbabwe lónìí, ni wọ́n ń sọ. Wọ́n parí ẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún àwọn sójà pa Balewa, wọ́n pa Akíntọ́lá n'Íbàdàn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kú o. Ní August 1983 wọ́n kéde Ọmọ́bóríowó pé òun ló borí Ajáṣin níbi ìbò gómìnà ní Ondo, Àkúrẹ́ gbóòórùn pẹtiróòlù padà, ibẹ̀ ni wọ́n pa olóṣèlú kan, Ọláìyá Fágbàmígbé, sí. Kọ́ọ̀tù dá ìbò padà fún Ajáṣin lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti sin òkú.