Mixage àti mastering: kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Olórin tó bá gbé orin wá sí sítúdíò ní Àjàṣẹ́ tàbí Kétu sábà máa ń ní: «Ẹ bá mi tún un ṣe kó dún dáadáa.» Iṣẹ́ méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn.

Mixage ni kí a to àwọn ohùn tí a gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, olórin, ìyá ìlù, omele, agogo, elégbè, kí oníkálukú rí àyè jókòó. Ẹ mú orin ẹ̀fẹ̀. Ohùn ọkùnrin àti ìyá ìlù sábà máa ń du àyè kan náà, láàárín 200 sí 400 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe ń lọ sísàlẹ̀ tó). Ẹ gbé ìlù sókè, ọ̀rọ̀ olórin á rì. Ẹ gbé olórin sókè, ìlù á rì. Tí ẹ bá ń gbé méjèèjì sókè báyìí, kò ní pẹ́ tí iná pupa á fi tàn, àmì pé ohùn ti ròkè jù. Dídínkù ló yẹ: ẹ yọ bíi 3 dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) kúrò lára ìlù níbi 300 Hz. Lára ohùn olórin, ẹ gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz dànù. Gìrìgìrì ẹsẹ̀ àti ariwo fáànù ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ti agogo díẹ̀ sí ọ̀tún, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí òsì, kí olórin dúró láàárín.

Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn olórin ṣe, léwu fún orin Yorùbá tí ẹ bá fún un le jù. Ńṣe ló ń fa ohùn bọ́ sórí nóòtì tó sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ohùn yẹn gan-an la fi ń mọ̀ bóyá ọkọ ni tàbí ọkọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ibi tó ròkè jù kọjá −6 dB. Lórí kọ̀ǹpútà, 0 ni òpin. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀, orí rẹ̀ á gé, orin á máa ha, mastering kankan kò sì lè dá a padà bó ṣe wà. Fáìlì WAV 24-bit, tí kò dín ohùn kù, ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣe mastering, kì í ṣe MP3 tó ń yọ lára ohùn.

Mastering kì í tú ohùn ká mọ́. Fáìlì kan ṣoṣo tó ti parí ló ń gbà, tó ń wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe ròkè tó, àti bí àwọn orin inú àwo kan ṣe bá ara wọn mu. Òfò ni fífi agbára gbé e ròkè: Spotify, ìkànnì tí a ti ń gbọ́ orin, á kúkú dín in kù sí bíi −14 LUFS (òṣùwọ̀n bí odindi orin ṣe ròkè tó létí), ìlù tí ẹ ti tẹ̀ pẹlẹbẹ kò sì ní dìde mọ́. Ẹ fi òpin sí −1 dB.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù lásán gbọ́ ọ. Sípíkà kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde. Tí ìyá ìlù bá sọnù níbẹ̀, mixage lẹ ó padà sí: ẹ fi bíi 2 dB kún ibi tí ìró ọwọ́ lórí awọ wà, láàárín 1000 sí 3000 Hz, kí ẹ tó tún mastering ṣe.