Níbo Ni Omi Yìí Ti Ń Ṣàn Bọ̀? Bí A Ṣe Ń Ya Máàpù Ayé Àfinúrò

Òǹkọ̀wé ọ̀dọ́ kan fi máàpù ayé tó fẹ́ kọ ìtàn lé lórí ránṣẹ́ sí mi lóṣù tó kọjá, ó ní kí n bá òun wò ó. Máàpù náà rẹwà. Ó fi àwọ̀ wúrà yí etí rẹ̀ ká, ó ya ejò òkun sí igun kan, ó sì kọ orúkọ ìlú 21 sínú rẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dà bíi ti àwọn ará àtijọ́. Mo wá fi ìka tọ odò ńlá tó wà láàárín rẹ̀. Etí òkun ní ìwọ̀-oòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó la ilẹ̀ náà já gbọọrọ, ó sì já sínú òkun mìíràn ní ìlà-oòrùn. Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Àbúrò, níbo ni omi yìí ti ń ṣàn bọ̀?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò rò ó débẹ̀."

Ìtàn àròsọ àràmàǹdà ni iṣẹ́ tèmi, èyí tí iwin, ẹbọra àti ìlú tí ẹnikẹ́ni kò dé rí máa ń wà nínú rẹ̀. Èmi náà ti jìyà àìya máàpù. Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, ọdẹ kan kúrò ní Ìdí-Àràbà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ní orí kẹta, ó sì dé Ojú-Ọ̀sà kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tó di orí kọkànlá, àwọn ọmọ ogun tó gun ẹṣin lo ọjọ́ mẹ́rin lójú ọ̀nà kan náà. Òǹkàwé kan rí i. Ó sọ fún mi pé láti ibẹ̀ lọ ni òun kò ti gba ohunkóhun tí mo sọ gbọ́ mọ́, títí kan àwọn ẹbọra. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó gbà láti bá wa gbé nínú ayé tí kò sí ti fún wa ní ohun púpọ̀, kò yẹ kí ojú ọ̀nà máa purọ́ fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ni máàpù wà fún kó tó kan òǹkàwé. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí a bá fà gbọ́dọ̀ lè dáhùn bí a bá bi í pé: kí ló gbé ọ síbí?

Ẹ má tíì sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ wá bébà ńlá kan, pẹ́ńsù tó rọ̀, àti ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà gbígbẹ. Ẹ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, kí ẹ da ẹ̀wà náà sí àárín bébà, ẹ má tò ó. Ibi tó kó jọ sí ni ilẹ̀. Èyí tó ta lọ dá dúró ni erékùṣù, àlàfo tó yọ wọ inú ilẹ̀ sì lè di ọ̀sà tàbí èbúté. Ẹ fi pẹ́ńsù tọ etí rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láti hóró kan sí èkejì, kí ẹ tó gbá ẹ̀wà náà kúrò. Bí a bá fi ọwọ́ lásán ya etíkun, ọwọ́ wa á máa yí i po rogodo bí òkèlè, nítorí ojú wa fẹ́ràn ohun tó dọ́gba. Ẹ̀wà kò mọ ìyẹn. Inú agolo wàrà kan lórí tábìlì mi ni tèmi ń gbé, ẹ̀wà olóyin ni, ó ti ya erékùṣù mẹ́fà fún mi, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè é.

Lẹ́yìn etíkun, òkè ló kàn, odò ló tẹ̀ lé e. Orí àwọn méjèèjì yìí ni kí ẹ ti pẹ́ jù. Ibi tó rẹlẹ̀ ni omi ń wá kiri. Nítorí náà, ibi gíga ni odò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn odò kéékèèké á máa wá bá a lọ́nà, á sì máa fẹ̀ sí i bó ṣe ń sún mọ́ òkun. Odò a máa pàdé ara wọn. Wọn kì í sábà pínyà, àfi bí wọ́n bá dé ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ibi tí wọ́n ti fẹ́ wọ òkun. Adágún náà, ẹnu kan ṣoṣo ni omi sábà máa ń gbà jáde nínú rẹ̀. Mo máa ń rí máàpù tí odò mẹ́ta ti jáde láti inú adágún kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìyẹn kì í tọ́jọ́: èyí tó bá gbẹ́ ọ̀nà tirẹ̀ jìn jù á fa gbogbo omi lọ, àwọn yòókù á gbẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òfin yìí á sọ gbogbo máàpù di ọ̀kan náà. Ẹ wo Odò Ọya. Orísun rẹ̀ wà lórí òkè ní Guinea, níbi tí òkun Àtìláńtíìkì kò ti ju nǹkan bíi 240 kìlómítà lọ sí i. Odò mìíràn ì bá sáré wọ òkun. Ọya kẹ̀yìn sí i, ó kọrí sí àríwá ìlà-oòrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú aginjù Sàhárà lọ. Ìtòsí Timbuktu ló ti yí padà, tó wá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ níhà gúúsù títí tó fi pàdé Benue ní Lọ́kọ́ja, kó tó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ wọ òkun. Ìrìn rẹ̀ ju 4,000 kìlómítà lọ. Bí òǹkọ̀wé kan bá ya irú odò bẹ́ẹ̀, a ó ní ó ti ṣàṣejù. Síbẹ̀, kò síbi tí omi ti gun òkè nínú gbogbo ìrìn yẹn.

Odò yìí kan náà ló bí àṣìṣe tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn máàpù. Ní 1796, Mungo Park, ará Scotland, dé Ségou, ìlú kan létí odò náà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Mali lónìí, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ìlà-oòrùn ni Ọya ń ṣàn lọ. Ní 1798, James Rennell ń ya máàpù ìrìn àjò náà ní London. Kí ló dé tí odò ńlá báyìí kò fi yà sí gúúsù, kó wọ òkun tó wà níbẹ̀? Ó wò ó pé òkè ló gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà. Ó bá ya òkè gbọọrọ kan la Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já, èyí tí wọ́n ń pè ní Òkè Kong. Kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn dà á kọ sínú máàpù tiwọn, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí 90 ọdún. Richard àti John Lander, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Gẹ̀ẹ́sì, tọ odò náà dé òkun ní 1830, síbẹ̀ òkè náà kò kúrò lórí bébà. Ìgbà tí Louis-Gustave Binger, ọmọ ogun Faransé, dé ìlú Kong ní 1888 tí kò rí òkè ńlá kankan, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé Rennell ronú bó ṣe yẹ kí àwa máa ronú. Ó rí omi, ó bi ara rẹ̀ ní ìdí, ó sì ya ìdí náà. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn gba òkè tí kò sí gbọ́ fún 90 ọdún nìyẹn. Ẹ̀bi ńlá ni lọ́wọ́ ẹni tó ń ya ayé tòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwa tí a ń pìtàn, irinṣẹ́ ni.

Ẹ wá bi atẹ́gùn. Ẹ mú ìhà kan tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá láti orí òkun, kí ẹ ya ọfà kékeré síbẹ̀ kí ẹ má baà gbàgbé. Atẹ́gùn olómi tó bá kọlu òkè á gòkè, á tutù, á sì da òjò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìhà ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ̀yìn òkè á gbẹ. Debundscha, abúlé kan tó wà lẹ́sẹ̀ Òkè Cameroon níhà òkun, ń gba òjò tó tó nǹkan bíi 10,000 mìlímítà lọ́dún, ó sì wà lára ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù lágbàáyé. Igbó kìjikìji níwájú òkè, ọ̀dàn lẹ́yìn rẹ̀: ọfà kékeré yẹn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí igbó bá pin sí sì ń pinnu ìtàn. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ọ̀dàn, ẹṣin sì ni agbára ogun rẹ̀. Nínú igbó ìhà gúúsù, eṣinṣin tsetse ń pa ẹṣin, igi kò sì jẹ́ kí ẹlẹ́ṣin rí àyè sáré. Ibi tí ọ̀dàn ti tán ni ọwọ́ ẹlẹ́ṣin ti ń rọ. Bí ọba inú ìtàn yín bá ní ẹgbẹ̀rún ẹṣin, ẹ wo ibi tí ọ̀dàn rẹ̀ parí sí kí ẹ tó ní ó ṣẹ́gun gbogbo ayé.

Ẹ má kánjú sọ ìlú di púpọ̀. Ìlú ń fẹ́ omi mímu, ilẹ̀ oko, àti ìdí tí àwọn èèyàn fi tẹ̀dó síbẹ̀ tí wọn kò lọ sí ibòmíràn. Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn tẹ́lẹ̀, níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé. Ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrà tí à ń pè ní Erédò Sùngbọ́ gùn tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, ó sì jìn tó 20 mítà láwọn ibì kan. Ẹni tó gbẹ́ irú yàrà bẹ́ẹ̀ ń bẹ̀rù nǹkan kan, tàbí ó fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rù òun.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìrìn, ibi tí èmi ti ṣubú. Sẹ̀ntímítà kan lórí máàpù mi jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan. Ẹni tó gbé ẹrù níwọ̀nba lójú ọ̀nà tó dára lè rin 25 sí 30 kìlómítà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ inú igbó, mo máa ń dín in sí ìdajì. Bó bá jẹ́ orí òkè, mo tún ń dín in sí i, pàápàá nígbà òjò. Ẹ má sì fi rúlà wọn ọ̀nà tó wọ́. Ẹ mú òwú ìránṣọ, kí ẹ fi omi díẹ̀ rin ín kó lè dúró, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ọ̀nà náà, kó yà níbi tí ọ̀nà bá ti yà. Ẹ wá nà án sórí rúlà. Lẹ́yìn tí òǹkàwé yẹn bá mi wí, mo ya máàpù ìwé náà, mo sì wọn Ìdí-Àràbà sí Ojú-Ọ̀sà. Rúlà ní ọjọ́ mẹ́ta. Òwú ní ọjọ́ márùn-ún ààbọ̀, nítorí ọ̀nà náà ní láti yí ọ̀sà po.

Ó rọrùn kí a ya máàpù kí a tó kọ ìwé ju kí a fi ìwé tó ti parí ya máàpù lọ. Robert Louis Stevenson, òǹkọ̀wé ará Scotland, ṣe méjèèjì. Ní 1881, ní Braemar ní Scotland, ó jókòó ti ọmọ ìyàwó rẹ̀ tó ń kun àwòrán, ó ya máàpù erékùṣù kan, ara máàpù yẹn ni ìtàn Treasure Island ti jáde. Nígbà tí ìtàn náà fẹ́ di ìwé, èyí tó jáde ní 1883, wọ́n ní máàpù tó fi ránṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ó ní láti ka ìwé ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, kó ṣa gbogbo ibi tó ti sọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà jọ, kó sì ya òmíràn tó bá a mu. Ó kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé èkejì yìí kò jẹ́ erékùṣù náà lójú òun rárá.

Ní ti orúkọ, èdè wa ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Ìdí-, Òkè-, Abẹ́-, Etí-, Ojú-, Ìsàlẹ̀-: orúkọ ń sọ ibi tí ìlú wà. Bó bá sì pẹ́ lẹ́nu, a máa gé kúrú. Ẹ̀bá-Ọ̀dàn di Ìbàdàn, Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ di Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi máa ń fún ìlú àtijọ́ ní orúkọ gígùn, kí n pè é kíákíá títí ẹnu á fi rẹ̀ mí, ohun tó bá kù ni mo ń kọ sórí máàpù. Ẹ̀yìn-Odò-Ńlá di Ẹ̀yìndòńlá báyẹn. Ìlú tuntun ni mo ń jẹ́ kó jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kí òǹkàwé lè fetí mọ èyí tó dàgbà.

Bí gbogbo èyí bá ti wà lórí bébà, ẹ lè wá gbé e lọ sórí Inkarnate tàbí Wonderdraft, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, kó lè rẹwà. Ìyẹn kò le.

Ohun kan kù tí mo rò pé àwa tí a ń kọ Yorùbá mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Àkàrà-oògùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé Fágúnwà ti 1938 rìn dé Òkè Láńgbòdó, a sì bá wọn rìn, láìsí máàpù. Ọdẹ kì í rí ilẹ̀ láti òkè bí àwòdì. Ẹnu àgbà ló ti ń gbọ́ ọ: bó o bá dé ìdí ìrókò tí àrá sán pa, fi odò sí ọwọ́ òsì, má mu omi kejì. Nítorí náà, fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí mo bá yà, mo ń kọ bí arúgbó ibẹ̀ ṣe máa júwe rẹ̀ fún àlejò. Nígbà mìíràn arúgbó á ṣì í, nítorí omíyalé ti gbé ẹsẹ̀ odò kúrò níbi tó mọ̀ ọ́n sí. Máàpù wà lọ́dọ̀ mi, mo mọ̀ pé ó ṣì í. Ọmọ tó ń júwe ọ̀nà fún kò mọ̀, ó ti ń lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onímáàpù aláwọ̀ wúrà tún máàpù rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pẹ́ńsù lásán ni lọ́tẹ̀ yìí, ó sì dọ̀tí. Òkè ti wà ní àárín ilẹ̀ náà, odò méjì ló ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọ òkun tirẹ̀. Ìlú 9 ló kù. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo ń tún orí kẹrin kọ. Àwọn ọmọ ogun ọba kò lè gba ọ̀nà yẹn kọjá nígbà òjò mọ́, wọ́n sì ti há sí òdìkejì."