Bí oko Songhai ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ìtòsí Àgbádárìgì

Ẹni tó bá gbéra ní Àgbádárìgì, tó ti kọjá bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, kò ní pẹ́ dé Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwa àtàwọn ará ibẹ̀ jọ ń ná ọjà Àgbálátà, a sì jọ ń sọ Ègùn. Síbẹ̀, mo ń bá àgbẹ̀ pàdé lọ́dọ̀ wa níbí tí kò gbọ́ orúkọ Songhai rí, oko ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ó ń dùn mí, torí ọmọ Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀, ìṣòro tó sì dojú kọ, tiwa náà ni.

Godfrey Nzamujo ni orúkọ rẹ̀. Àlùfáà Kátólíìkì ni, ti ẹgbẹ́ Dominican, ó sì kàwé débi tó fi ń kọ́ni ní yunifásítì ní California. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọ̀dá àti ìyàn ń jà ní Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1983, tó ń rí àwọn tí ebi ń pa kú lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ó padà wá sí Áfíríkà, ó ń wá ilẹ̀ kiri. Benin ni wọ́n ti dá a lóhùn: lọ́dún 1985, ìjọba Mathieu Kérékou fún un ní ilẹ̀ hẹ́kítà kan ní Ouando, ní Àjàṣẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ bá a ro ó kì í ṣe ọ̀mọ̀wé o. Ọ̀dọ́ méje tí wọ́n ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ni. Orúkọ ìjọba ńlá tó fi Gao ṣe olú ìlú láyé àtijọ́ ni wọ́n fi sọ oko náà.

Owó ajílẹ̀ ò sí, owó oúnjẹ ẹja ò sí. Ohun tó wà nílẹ̀ ni wọ́n lò.

Ẹ rántí ewéko olódòdó elése àlùkò tó bo ọ̀sà wa lọ́dún 1984. Láti apá Àjàṣẹ́ ló ti ṣàn wọ Àgbádárìgì. Àwọn apẹja mọ ìyà tó fi jẹ wọ́n: ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń lọ́ mọ́ àwọ̀n. Èpè làwa ń ṣẹ́ fún un. Ní Songhai, ńṣe ni wọ́n ń kó o, tí wọ́n ń pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran, tí wọ́n sì ń dé e pa síbi tí atẹ́gùn ò lè wọ̀. Bó ṣe ń jẹrà ni gáàsì ń jáde lára rẹ̀, wọ́n á fi páìpù fà á lọ sídìí ààrò. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù á di ajílẹ̀.

Ti ìdin ló wù mí jù. Wọ́n á da ìfun adìyẹ àti èèrí sínú àpótí, wọ́n á ṣí i sílẹ̀ fún eṣinṣin. Eṣinṣin á yé sí i, kò sì ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìdin á fi máa yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Wọ́n á gbọ̀n wọ́n sínú adágún ẹja àrọ̀, omi á sì hó yàà. Omi adágún yẹn náà, ìdí ewébẹ̀ ni wọ́n ń darí ẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń ra oúnjẹ ẹja ní àpò àpò lásìkò yìí á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ṣùgbọ́n Nzamujo ò fẹ́ sọ àwọn ọmọ náà di alágbàro. Lọ́dọ̀ wa, alágbàro ò nílẹ̀, kò nírè. Iye tó bá wu olóko ló ń san fún un, bó bá sì ṣèṣe lóko, àpò ara rẹ̀ ló máa fi wo ara rẹ̀. Mi ò rò pé ó yẹ ká máa pe oúnjẹ tó bá ti irú oko bẹ́ẹ̀ jáde ní oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń san ìyókù owó rẹ̀. Ní Songhai, ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ á kọ́ adìyẹ, ẹja, ọ̀yà, ìrẹsì àti ewébẹ̀, á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà náà lọ́jọ̀ tí wọ́n fi ń tà á. Bó bá parí, kó lọ dá oko tirẹ̀ ni wọ́n ń retí.

Lọ́dún 1993, wọ́n fún Nzamujo ní ẹ̀bùn Africa Prize, tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó ń gbógun ti ebi ní Áfíríkà sí. Hẹ́kítà kan ti di 24 ní Àjàṣẹ́. Oko mìíràn ti wà ní Savalou, Parakou àti Kinwédji. Nàìjíríà náà ti ní tirẹ̀ ní Amukpe, ní ìpínlẹ̀ Delta. Amukpe jìnnà sí Àjàṣẹ́ jù wá lọ fíìfíì, wọ́n sì wá kọ́ ọ. Ìjọba ìbílẹ̀ wa lè sanwó ọkọ̀ àti owó ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ mélòó kan lọ́dọọdún, kí wọ́n sì fún wọn nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dé.