Ṣé eégún àjẹ́ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́?

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nígboro Èkó tàbí Ìbàdàn pé kí ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìdáhùn kan náà lẹ ó gbọ́: eégún àwọn àjẹ́ ni. Fíìmù àgbéléwò ló kọ́ wa. Ìyá arúgbó á di ẹyẹ lóru, ọmọ ọlọ́mọ á kú, wòlíì á sì dé nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gan-an, àwọn ará Kétu ti ilẹ̀ Benin, Ìmẹ̀kọ, Ìlọ̀bí àti ilẹ̀ Yewa káàkiri, kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, ijó ère orí tí wọ́n fi ń júbà àwọn ìyá ni.

Ẹ jẹ́ ká ti orí "eégún" bẹ̀rẹ̀. Ará ọ̀run ni eégún, a kì í sì í dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọjà tó ti ń jó ló mọ̀ ọ́n. Ó lè ṣí ère orí rẹ̀ lójú agbo kó nu òógùn, nǹkan kan ò bàjẹ́. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ àti àwọn obìnrin ilé ló ti yá gèlè àti ọ̀já tó fi múra. Ọkùnrin ni, àmọ́ ọmú igi wà láyà rẹ̀, ìdí rẹ̀ tóbi rọ̀gbọ̀dọ̀, ṣaworo irin sì kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ifá sọ bí èyí ṣe bẹ̀rẹ̀. Yemọja ló ń wá ọmọ tí kò rí. Ó dífá, wọ́n ní kó rúbọ, kó gbé ère igi lérí, kó so irin mọ́ ẹsẹ̀, kó sì jó. Ó ṣe é, ó lóyún. Ọkùnrin ló kọ́kọ́ bí, aláwàdà ọmọ, wọ́n ń pè é ní Ẹ̀fẹ̀. Obìnrin ló tẹ̀lé e, ó sanra bí ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́ràn ijó: Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyẹn. Ẹ wá àjẹ́ nínú ìtàn yìí títí, àgàn tó ń tọrọ ọmọ lẹ ó rí.

N kò ní purọ́ pé kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀. Ẹyẹ ni àmì àwọn ìyá wa, ìyẹn àwọn àgbà obìnrin alágbára tí wọ́n ń júbà fún, àwọn èèyàn sì gbà pé àṣẹ tí wọ́n fi ń fúnni lọ́mọ náà ni wọ́n lè fi gbà á padà. Àṣìṣe wa ni pé a mú ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà, a gbàgbé iwájú rẹ̀.

Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn òru orin tó ṣáájú ijó ọ̀sán Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ló tú u palẹ̀ jù. Ó sábà máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pa gbogbo iná ọjà, oníjó tó gbé ère Ìyá ńlá á sì jáde nínú òkùnkùn pẹ̀lú aṣọ funfun gígùn àti ère tó ní irùngbọ̀n gbọọrọ. Obìnrin onírùngbọ̀n! Àgbà rẹ̀ ti kọjá ti obìnrin àti ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni akọrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ á dé, á fi orin júbà, á tọrọ òjò, ọmọ àti àlàáfíà. Bí ìbà bá ti tán, èébú dé: olè, oníṣekúṣe, ìjòyè tó jẹ owó ìlú, obìnrin tó ń fi ẹnu ba ilé jẹ́. Àwọn ìyá àgbà jókòó sí agbo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù nìkan ló wà níbẹ̀, ṣé Ẹ̀fẹ̀ á máa bú obìnrin lójú àwọn ìyá?

Àwọn ọlọ́dẹ àjẹ́ gidi ti wọ àwọn ọjà yìí rí. Ní 1950, àwọn ẹlẹ́sìn Àtíngà, tí ẹ̀sìn wọn ti Gold Coast (Ghana òde òní) wá, gba Dahomey (Benin òde òní) wọ ilẹ̀ Yewa. Wọ́n jó nínú ọjà, wọ́n ń nawọ́ sí obìnrin, pàápàá àwọn arúgbó, pé àjẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n bá mú á jẹ́wọ́, á sì sanwó. Wọ́n wó ojúbọ òrìṣà pẹ̀lú, kí ìjọba tó fòfin dè wọ́n ní 1951. Nínú ọjà kan náà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń kí arúgbó ní "ìyá wa" ni Àtíngà ti ń lé e kiri. Tí ìran òde òní bá wá sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló ń ṣe ti àjẹ́, ẹnu Àtíngà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Àwọn kan á ní ìbòjú ọkùnrin ni, kí ló kan obìnrin. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyálàṣẹ ni olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ojúbọ wà. Ọkùnrin ń jó fún un ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀lé alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, tí àwọn oníjó bá ń jáde ní méjì méjì, ẹ óò rí ère tó gbé alùpùpù tàbí bàálù lérí. Ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ti rí òpin ìran. UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, náà rí i, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà iyebíye ọmọ aráyé, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo.

Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Salvador ní Brazil, wọ́n sì ṣe é níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ijó náà kú, orúkọ kò kú. Ní 1988, Sueli Carneiro àti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní São Paulo láti jà fún ẹ̀tọ́ irú wọn. Geledés ni wọ́n sọ ọ́.