Bí Àwòrán Bàbà Ṣe Wọ Ìwé Ewì Ẹlẹ́yà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìparí ọdún 1662 ni apá kìíní Hudibras jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ewì tí Samuel Butler fi bú àwọn ẹlẹ́sìn Puritan ni, àwọn tó gbàjọba lọ́wọ́ ọba, tí wọ́n sì fòfin de eré orí ìtàgé. Ọ̀gágun kan tó ń pe ara rẹ̀ ní olódodo àti ìránṣẹ́ rẹ̀ ń gẹṣin kiri; ibi tí wọ́n bá ti rí àríyá, wọ́n á dá a rú. Ìwé náà tà gan-an, ọba fúnra rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ọdún 1710 ni àwòrán tó wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ àwòrán ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín, bí àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ ṣe ń fín igbá, àfi pé òdìkejì ni wọ́n ń fín in sí, kó lè gún lórí ìwé. Wọ́n á fi tàdáwà kùn ún, wọ́n á nu ojú rẹ̀ títí yóò fi ku kìkì èyí tó wà nínú ojú ìlà. Wọ́n á rẹ ìwé lómi díẹ̀, wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á fi rólà méjì tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Lẹ́tà ìtẹ̀wé ní tirẹ̀, ojú rẹ̀ yọ sókè, ibẹ̀ ni tàdáwà ń dúró lé. Ẹ̀rọ kan náà kò lè tẹ méjèèjì pọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán inú ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn fi sábà máa ń gba ojú ewé kan gbáko: ẹni tó ń di ìwé ló ń kì í bọ àárín.

Akéwì Alexander Pope kọ́kọ́ tẹ ewì rẹ̀, The Rape of the Lock, ní 1712 láìsí àwòrán. Ọ̀rọ̀ irun lásán ni: ọkùnrin ọlọ́lá kan gé irun ọmọge, ni ìjà bá dé. Nígbà tó fẹ̀ ẹ́ di orí márùn-ún ní 1714, òǹtàwé Bernard Lintot fi àwòrán mẹ́fà sí i. Louis Du Guernier yà wọ́n, Claude Du Bosc fín wọn. Ará Faransé ni àwọn méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ló lẹnu èébú, Faransé ló lọwọ́. Pope kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé 3,000 ẹ̀dà tà láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ti The Dunciad, ewì tí Pope fi bú àwọn òǹkọ̀wé ìgbà rẹ̀, àwòrán fúnra rẹ̀ ti ń bú èèyàn: ní 1728, òwìwí lórí òkìtì ìwé, ní 1729, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru ìwé. Ìwé àwọn tí Pope ń fi ṣẹ̀sín wà nínú ẹrù náà.

William Hogarth ló wá gbé àwòrán jáde kúrò nínú ìwé. Ìdí fífín àwo fàdákà ló ti kọ́ṣẹ́. Ní 1726 ó ṣe àwòrán kéékèèké fún Hudibras, ó wo púpọ̀ nínú wọn lára ti 1710. Ìwọ̀nyẹn ò wú mi lórí. Àwọn ńlá 12 tó tún ṣe lọ́dún yẹn lọ̀gá wọn. Lọ́tọ̀ ni wọ́n tà wọ́n, àwọn oníbàárà sì san àsansílẹ̀. Nínú ọ̀kan, àwọn ará àdúgbò ń fi ọkọ tí ìyàwó ń lù ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó wà lórí ẹṣin, ó ń fi ṣíbí ìdáná gbá ọkọ. Ọkọ kọ̀yìn sí i, ó dojú kọ ìrù ẹṣin, ó ń ran òwú. Wọ́n gbé yẹ̀rì obìnrin sórí ọ̀pá bí àsíá. Ẹni tí kò ka ewì náà rí á rẹ́rìn-ín.

Àwọn olè àwòrán ò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n ṣe àdàkọ A Harlot's Progress, ọ̀wọ́ àwòrán rẹ̀ ti 1732 nípa aṣẹ́wó kan, káàkiri. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba ilé aṣòfin lọ, òfin sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà 1735: fún ọdún 14, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe àdàkọ àwòrán láìgbàṣẹ. Hogarth ti fi A Rake's Progress pamọ́ de ọjọ́ náà. Àwòrán 8 ni. John Hoadly ló kọ ewì tó wà nísàlẹ̀ wọn. Ewì ló wá ń tẹ̀ lé àwòrán báyìí.